Ìbọn Tí Apátí Rẹ̀ Wà Lábẹ́

Òróró àdúrà ni mo dà sínú ìbọn. Kì í ṣe pé mo fi ìka tọ́ ọ díẹ̀ sí ìdí ìbọn bí ẹni tó gbọ́n á ti ṣe é. Mo nà án dúró, mo da òróró sí i lẹ́nu bí ẹni ń rọ epo sínú láńtà, mo sì ṣe Àmín. Ìyàwó mi ló mú òróró náà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti sọ fún mi pé bí nǹkan yẹn bá máa bá òun gbé inú ilé kan náà ní Thamesmead ní Lọ́ndọ̀nù níbí, àfi ká yà á sí mímọ́. Èmi wá rò ó pé bí òróró bá wọnú, ìbùkún náà á wọnú. Ta ló fẹ́ bá mi jiyàn?

Ìbọn ló bá mi jiyàn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní pápá ìyìnbọn kan ní ìgbèríko Kent, mo ki ẹ̀tù, mo ki ọta, mo fi ọ̀pá tì í wọlẹ̀ dáadáa. Mo wá mú fìlà bàbà kékeré tó máa ń ṣáná, mo fi dé ẹnu ihò tí iná ń gbà wọlé. Mo dijú, mo fà á. Ó ní "tà." Kò sọ nǹkan míì. Mo pààrọ̀ fìlà, ó tún ní "tà," bí ẹni ń gé èékánná. Òróró ti mú kí gbogbo ẹ̀tù yẹn di ẹ̀kọ. Ọ̀rẹ́ mi òyìnbó tó mú mi lọ síbẹ̀ béèrè irú òróró tí mo lò. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé ìbọn náà ti wá di àtúnbí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀ pé kò dún.

Torí pé ojo ni mí. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi. Ṣakabùlà rẹ̀ wà lára ògiri nílé wa, mi ò sì lè sùn kí n kọjú sí ògiri yẹn. Lọ́jọ́ tó gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n yìn ín wò, mo jù ú sílẹ̀, mo sá wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ́. Títí bàbá mi fi kú, Olóko-ẹ̀gẹ́ ló ń pè mí, níwájú àlejò pàápàá.

Mo ti dàgbà, mo ti ń hewú, mo ń ṣiṣẹ́ ní Crossness, níbi tí ìgbẹ́ Lọ́ndọ̀nù ń gbà kọjá. Àwa là ń fi gíríìsì sẹ́nu àwọn ẹ̀rọ tó ń fà á. Ibẹ̀ ni èmi àti òyìnbó yìí ti pàdé. Ní ọjọ́ kan, nídìí tíì, ó ń sọ̀rọ̀ ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu, mo sì ní nǹkan tó ń sọ yẹn, wọ́n ní in nílé wa. Ó ní kí n bá òun lọ wò ó. Ẹni tó kọ́kọ́ yìnbọn lọ́jọ́ tá a dé pápá, ẹ̀gbẹ́ ni apátí tirẹ̀ wà, ohun tó máa ń ṣán mọ́ fìlà yẹn. Iná bù yẹ̀rì lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti dojú bolẹ̀ nínú koríko. Ọ̀rẹ́ mi gbé mi dìde, ó wá fi òmíràn hàn mí. Bẹ́ ẹ bá wò ó láti òkè, ẹ ò ní rí apátí kankan. Abẹ́ ló wà, níwájú ibi tí ìka ń fà, láti ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣán fìlà. Kò sí nǹkan tó dí ojú lókè, èéfọ́ fìlà kì í sì í fò síni lójú. Ilẹ̀ ló ń já bọ́ sí. Mo ní ìbọn ojo rèé. Èmi gan-an ni wọ́n ṣe é fún, mo sì pinnu pé màá ra irú rẹ̀ kan.

Àwọn èèyàn mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní èèyàn dúdú bíi tèmi, nínú Thamesmead yìí, kí ni mo fẹ́ fi ìbọn ṣe? Ọlọ́pàá tó wá yẹ ilé wò kí wọ́n tó fún mi ní láísẹ́ǹsì náà bi mí. Ó ti kan kọ́bọ́ọ̀dù irin tí mo dè mọ́ ògiri, ó ti wo àpótí tí ẹ̀tù máa wà. Mo sọ òótọ́ fún un: mo ní torí pé mo bẹ̀rù rẹ̀ ni. Ó wò mí títí. Wọ́n sì fún mi. Tí mo bá sì wọ Woolwich, tí mo rí fúláàtì olówó ńlá níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn fún ọba wọn láyé ọjọ́un, mo máa ń bi ara mi léèrè pé èwo ni tèmi ẹyọ kan tó ń dun ará ayé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òróró yẹn ni mo tó kọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Èéfín ẹ̀tù burú ju ẹnu àna lọ. Bí o bá yìnbọn, ọjọ́ yẹn náà lo gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Tó bá sùn bẹ́ẹ̀, yóò dípẹtà. Omi tó hó ló ń fẹ́, pẹ̀lú ọṣẹ. Wàá tú ọ̀pá rẹ̀, wàá fi àkísà gún inú rẹ̀ títí àkísà á fi mọ́, wàá nù ún gbẹ, wàá wá fi òróró tín-ín-rín pa á. Tín-ín-rín o. Inú báàfù ilé ìwẹ̀ wa ni mo ti ń ṣe é, gbogbo ilé á sì máa rùn bí ẹyin ọ̀bu. Ìyàwó mi ní láàárín ọ̀sẹ̀, mò ń gbé òórùn ìgbẹ́ wọlé, ní Sátidé, ẹyin ọ̀bu. Ọjọ́ wo ni òun máa gbọ́ òórùn ọkọ òun? Ó wá búra pé kẹ́tùlù òun kò ní hó omi fún ìbọn láé. Ìkòkò àlòkù kan ni mo lọ rà lọ́jà Woolwich fún iṣẹ́ yẹn.

Ní Sátidé kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá dé. Ó ti dún dáadáa lọ́jọ́ náà, mo tiẹ̀ la ojú kan sílẹ̀ nígbà tí mo fà á. Ìbọn ṣì wà ní ìdọ̀tí nínú báàfù nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Ó jókòó, ó gbàdúrà gígùn. Ó ní ẹnì kan ti ríran rí irin tó lanu sókè nínú ilé wa, ẹkún sì wà nídìí rẹ̀. Mi ò lè bínú sí i. Òun ló ń gbàdúrà níbi ìsìnkú àwọn ọmọ tí wọ́n ń gún lọ́bẹ ládùúgbò. Mo ṣàlàyé fún un pé ìbọn yìí ò yá fún ìjà, kí n tó ki ẹ̀tù, kí n ki ọta, kí n wá fìlà, ẹni tí mo fẹ́ yìn ín sí á ti sá dé Abbey Wood ládùúgbò kejì. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bùọ̀dá, ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sóun?"

Mo ní, "Daddy, mi ò kọjú ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Èmi ni wọ́n ti kọjú ẹ̀ sí láti kékeré."

Ó wá ní kí n ṣèlérí fóun níwájú Ọlọ́run pé ní Mọ́ńdè, màá gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi dìde lọ sí kíṣìnì. Mo mọ̀ pé ìpẹtà ti ń jẹ irin mi lọ nínú ilé ìwẹ̀. Mo tún mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí bàbá yìí bá ti ní kí n ṣe nǹkan, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni mo máa ń wí: kí n gbé àga, kí n dáwó, kí n gbààwẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

Mo ní, "Rárá, sà. Mi ò ní gbé e lọ."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó yíjú sí ìyàwó mi tó ti padà dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, ó ní, "Sìsítà, bá mi bá ọkọ ẹ sọ̀rọ̀." Mo sorí kọ́, torí mo mọ ìbúra tó ti bú.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Daddy. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, mi ò rí i rí kó wojú èèyàn kó ní rárá. Ẹ jẹ́ kó lọ fọ ìbọn ẹ̀, omi ti hó nínú kẹ́tùlù mi."