Orógbó Ìyàwó Olùkọ́

Bí mo bá rí orógbó, mo máa ń rántí ìyàwó olùkọ́ wa ní Zawan. Ó fẹ́ràn orin, ó sì máa ń jẹ orógbó láti tún ohùn ṣe kí ó tó kọrin, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ kò dùn. A pè é sínú eré àwàdà wa láìsọ fún un pé ohùn rẹ̀ gan-an ni àwàdà náà.

Bí ó ti kọrin, gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan láàárín èrò kígbe pé, “Wayyo, ẹ gbà wá o!”

Ó bá mi lẹ́yìn aṣọ ìkélé. “Ọmọ mi, ṣé èmi ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín?”

Ẹ̀rù bà mí pé kò ní kọrin mọ́. “Rárá, mà. Eré náà ló dùn.”

Ó wò mí, ó fi eyín gé orógbó sí méjì, ó fún mi ní ìdajì.

“Jẹ ẹ́. Ohùn rẹ ń gbọ̀n.”