Àkànkẹ́ Onítáìlì Kọ́lé Sórí Ayélujára

Bí ẹ bá wọ Òkìtìpupa nígbà yẹn, tí ẹ ní ẹ ń wá ẹni tó mọ táìlì í lẹ̀ dáadáa, orúkọ ọkùnrin ni wọ́n á máa dá fún yín. Bẹ́ẹ̀ Àkànkẹ́ ti ń lẹ táìlì láti ìgbà tó ti parí ilé-ìwé gíráámà. Mumeenat ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n Àkànkẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Màmúdù, ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí orúnkún bàbá náà kò gbà á láyè àtikúnlẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ aláràbarà ló fẹ́ràn jù: kó gé táìlì aláwọ̀ oríṣiríṣi wẹ́wẹ́, kó tò wọ́n di òdòdó, tàbí ìràwọ̀, tàbí ìgbì omi, sí àárín ilẹ̀ ilé.

Iṣẹ́ kò wọ́n ọn. Ohun tó wọ́n ọn ni orúkọ. Agbaṣẹ́ṣe kan wà tó ń jẹ́ Lérè. Òun ló máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé, tí á wá pe Àkànkẹ́ kó wá ṣe é. Bí iṣẹ́ bá parí, onílé á dé, á yin Lérè, ó parí. Àkànkẹ́ kò ka èyí sí nǹkan kan. Ó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń sùn dáadáa.

Ṣọ́ọ̀bù Judith ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Judith ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ó ní ilé kọ̀ǹpútà kan nítòsí ọjà, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Àkànkẹ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti kí i. Judith ń wo Fesibúùkù, ó ní òun rí ilẹ̀ pálọ̀ kan tó ń wu òun, ó sì na fóònù sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìràwọ̀ ńlá kan ni, búlúù àti funfun, tó tàn kálẹ̀ nínú ilé kan ní Ìrẹ̀lẹ̀. Àkànkẹ́ mọ̀ ọ́n. Òun ló tò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àmọ́ ohun tí Lérè kọ sábẹ́ àwòrán náà ni pé iṣẹ́ ọwọ́ òun nìyí, àwọn èèyàn sì ń kí i kú iṣẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ.

Judith ti ń gbaná jẹ fún un. Ó ní kí àwọn kọ òtítọ́ sábẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àkànkẹ́ gbé fóònù náà sún mọ́ ojú. Ó ń fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú, ó ń wo etí ìràwọ̀ náà yí ká. Ó ní orí ìkúnlẹ̀ lòun ti máa ń wo iṣẹ́ òun, òun kò tíì rí i látòkè bẹ́ẹ̀ rí.

"Judith," ó ní, "àṣé bí iṣẹ́ mi ṣe rẹwà tó nìyí?"

"Ohun tó o máa sọ nìyẹn?"

"Jẹ́ kí Lérè máa gbádùn tiẹ̀. Èmi náà fẹ́ ní tèmi."

Judith wá ṣàlàyé fún un pé bí ẹni háyà yàrá ni Fesibúùkù rí, onílé lè lé èèyàn jáde nígbàkígbà. Ó ní ohun tó yẹ ẹ́ ni ìkànnì tirẹ̀ lórí ayélujára, tí àdírẹ́sì ibẹ̀ á jẹ́ orúkọ Àkànkẹ́ gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́, ì báà wà ní Àkúrẹ́, ì báà wà ní òkè òkun, iṣẹ́ Àkànkẹ́ ló máa rí. Ṣùgbọ́n Judith ní òun kò ní bá a ṣe é o; òun á kọ́ ọ, Àkànkẹ́ fúnra rẹ̀ lá sì ṣe é. Inú Àkànkẹ́ dùn dé ibi pé ó gbàgbé ohun tó ní òun ń lọ rà lọ́jà.

Àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ nílò, kò sì ní. Fóònù rẹ̀ àtijọ́ ti já bọ́ sínú omi sìmẹ́ńtì, gbogbo àwòrán tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Kò sí ọgbọ́n míì ju kó tún padà sí àwọn ilé tó ti ṣiṣẹ́ lọ. Ilẹ̀ mọ́, ó gun ọ̀kadà, ó di Òde-Ayé.

Màmá Charity, tó ń ta epo pupa, ló kọ́kọ́ lọ bá, nítorí ó ti lẹ ìgbì omi sí ilẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀. Ó ti pè é sórí fóònù kó tó lọ. Kó tó dé, màmá náà ti kó ìkòkò àti gálọ́ọ̀nù gbogbo jáde, ó ti fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, ó sì ti wé gèlè. Ó ní àwọn oníbàárà kì í fẹ́ gba epo lẹ́nu ọ̀nà mọ́, wọ́n á ní àwọn fẹ́ wọlé wá wo omi tí kì í gbẹ. Àkànkẹ́ kò gbọ́ èyí rí. Ó ya ilẹ̀ náà lọ́nà gbogbo tó mọ̀, màmá sì dúró sí àárín rẹ̀.

"Ọma mi," ó fi Ìkálẹ̀, èdè ilé wa, pè é ní ọmọ, "ya èmi náà mọ́ ọn."

Láti ibẹ̀, ó lọ sí Osooro, sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ti lẹ iwájú pẹpẹ. Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ tan gbogbo iná fún un, ó tún ń bá a ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ibi tó bá ti kúrò ni orí rẹ̀ máa ń wú sí i. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi òun han ara òun.

Ìrẹ̀lẹ̀ nìkan ni wọ́n ti dá a dúró. Ilé Ọ̀gbẹ́ni Benedict ni ìràwọ̀ búlúù náà wà. Ọkùnrin náà jáde sí géètì, ó ní Lérè ló lẹ ilẹ̀ òun, kí ló dé tí obìnrin kan fi ń fẹ́ wọlé ya àwòrán ilé òun? Ó rò pé ó wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ilé fún olè. Àkànkẹ́ ń ṣàlàyé, kò wọ̀ ọ́ létí. Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀, Susan, fi yọrí lójú fèrèsé láti wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe rí Àkànkẹ́, ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Òun ló ṣe é," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ìrìn àjò lẹ wà nígbà yẹn. Èmi ni mò ń gbé omi fún un. Lérè kì í ju wákàtí kan lọ tó bá dé."

Benedict ṣí géètì. Ó tọrọ àforíjì, ó sì ní kí Àkànkẹ́ gun àtẹ̀gùn, kó lè rí gbogbo ìràwọ̀ náà nínú àwòrán kan ṣoṣo. Susan ní bí ibì kan bá wà níbi ìkànnì náà tí àwọn oníbàárà ti lè jẹ́rìí, òun fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí fóònù, ó sì fi ránṣẹ́.

Ó wá ku ibi tí Àkànkẹ́ máa ti sọ nípa ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ bí ẹni ń wá iṣẹ́ ìjọba, pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ tó tẹpá mọ́ṣẹ́, tó sì lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Judith kà á, ó ní òun kò mọ ẹni yìí. Ó ní kó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún òun. Àkànkẹ́ bá sọ ọ́ ní Ìkálẹ̀, kò sinmi: bí bàbá òun ṣe máa ń ní kí òun fi àtẹ́lẹwọ́ wo ilẹ̀ nítorí ojú a máa tanni, àti bí òun ṣe máa ń lá àlá àrà kí òun tó tò ó. Wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá gbogbogbòò àti ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò bù mọ́ ọn.

Àwòrán tirẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ nílé. Khalilullah ọkọ rẹ̀, tó ń ta pákó, kò kọ̀ kó ní ìkànnì, ṣùgbọ́n ó ní kó má fi ojú rẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń jowú. Ó ní bí àwọn onílé bá rí i pé obìnrin ni, wọ́n á yọwọ́. Kó kàn kọ M. A. Màmúdù, kí wọ́n rò pé ọkùnrin ni títí wọ́n á fi rí iṣẹ́ rẹ̀. Àkànkẹ́ kò bá a jiyàn. Ó ka ọ̀rọ̀ Susan fún un. Susan kọ ọ́ pé òun máa ń mú àwọn ọmọbìnrin òun jókòó sórí ìràwọ̀ náà, òun á ní obìnrin ló ṣe é. Khalilullah ní kó tún un kà.

"Dìde," ló sọ nígbà tó yá. "Wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé yẹn, kí o mú irin iṣẹ́ ẹ dání. Èmi ni màá yà á."

Òun náà ló yà á lóòótọ́, níwájú ilé, tí sìmẹ́ńtì wà lórúnkún ṣòkòtò iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìkànnì náà síta, ṣọ́ọ̀bù Judith kún. Ọwọ́ Àkànkẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà, ojú ìwé náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀ látòkè wá: orúkọ rẹ̀, gèlè Màmá Charity, ìràwọ̀. Kò gbà pé ó ti ṣí fún gbogbo ayé. Ó yá fóònù ọmọbìnrin kan tó wá tẹ ìwé, ó tẹ àdírẹ́sì náà, ó ṣí. Ó yá ti ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò níta, ó ṣí. Ọlọ́kadà náà wo fóònù, ó wo Àkànkẹ́, ó ní àṣé ẹ̀yin nìyí. Àkànkẹ́ tún sáré fi han bàbá rẹ̀ nílé. Bàbá náà fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú fóònù bí ẹni ń wo ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀, ó sì ní ó dọ́gba.

Lérè rí ìkànnì náà. Ó pè, ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ le, ó ní ṣé Àkànkẹ́ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òun ni. Àkànkẹ́ ní rárá, bó bá ní iṣẹ́, òun á ṣì bá a ṣe é, kó ṣáà ti máa dárúkọ òun. Lérè kò ṣèlérí. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti yọ àwòrán ìràwọ̀ kúrò.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan tí kò mọ̀ rí fi pè é láti Àkúrẹ́. Ìdáraolúwa lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni yíya àwòrán ilé, ó sì ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kan lọ́wọ́. Ó ní òun ti ń wá ẹni tó lè to àrà sí ilẹ̀ ibẹ̀, kí ojú àwọn aláboyún lè rí nǹkan wò.

"Ṣé ẹ̀yin tí mo rí nínú àwòrán yẹn gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" ló bi í.

"Èmi náà ni," Àkànkẹ́ dáhùn. "Èmi gan-an ni."

Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Odò ló bẹ̀rẹ̀ sí í tò láti ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí náà, tó ń ṣàn wọ yàrá dé yàrá, tí ẹja pupa kéékèèké wà nínú rẹ̀. Nígbà tí yàrá àkọ́kọ́ parí, ó gun àkàbà, ó yà á látòkè. Kò pe Judith. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sórí ìkànnì náà, ó kọ Àkúrẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì yára lọ bá sìmẹ́ńtì tó ti pò kó tó le.