Ọjọ́ Orí Tó Wà Lára Pósítà

Màmá Tóyìn kò tilẹ̀ kí mi nígbà tó wọ ọ́fíìsì mi ní Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Ó tẹ́ lẹ́tà kan sórí tábìlì mi, ó jókòó, ó sì ní, "Àǹtí, wọ́n ní ọkọ mi purọ́."

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin náà ní Ìsẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Tóyìn, ló ń wa katakata tí kánsù Èmùré fi ń tún ọ̀nà ṣe, kí àìsàn ráńpẹ́ kan tó mú un lọ. Èmi ni mo ta inṣọ́ránsì ẹ̀mí fún un. Àdéhùn rẹ̀ ni pé yóò máa san owó díẹ̀ lóṣooṣù, bó bá sì kú, ilé iṣẹ́ wa yóò san owó gidi fún ìyàwó àtọmọ. Ọdún méje ló fi san án, kò sì jẹ gbèsè oṣù kan rí. Tóyìn, àkọ́bí wọn, wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó ku ọdún kan kó parí. Owó yìí nìkan ni ìyá rẹ̀ gbójú lé láti fi san fíìsì tó kù. Lẹ́tà tó wà níwájú mi sì ń sọ pé ilé iṣẹ́ kò ní san kọ́bọ̀.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo fi ta inṣọ́ránsì ní gúúsù Èkìtì kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kéèyàn ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Àwọn kan máa ń rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á sì rán ọmọ síta pé àwọn ò sí nílé. Ìyá kan ní Àgbàdo sọ fún mi tìfẹ́tìfẹ́ pé bó bá jẹ́ ọṣẹ ni mò ń tà, òun ì bá máa rà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n òun ò lè fowó òun ra ọ̀rọ̀ ikú. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ ẹ̀pà tó fún mi.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọ̀gá Ọlájídé, ọmọ Ìlawè, kì í ka títà sí iṣẹ́ rárá. Ó ní ọjọ́ tí kíléèmù bá dé niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kíléèmù ni ohun tí ẹbí olóògbé bá kó wá láti fi béèrè owó wọn. Òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tó máa ń mú kí wọ́n dá a padà: ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó sì kọ ọ́ pé òun ò lo oògùn rí, ẹni tó dáwọ́ owó oṣooṣù dúró tí kò sọ fún ìyàwó, ẹni tó fi orúkọ ìyàwó tó ti kọ̀ sílẹ̀ sínú ìwé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó sì máa ń kìlọ̀ pé kí àwọn ẹbí má ya lẹ́tà tó bá ní a ò san, kí wọ́n má sì lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jà. Kí wọ́n wá ìdí tí ilé iṣẹ́ kọ síbẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ ò bá kọ ọ́, kí wọ́n ní kó kọ ọ́. Ìdí yẹn ni kí wọ́n dáhùn, kí wọ́n má lọ máa dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣì kọtí ikún, àjọ ìjọba tó ń mójú tó wa wà níbẹ̀, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ wa níwájú wọn.

Mo ka lẹ́tà Màmá Tóyìn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ì bá sì pa mí lẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe ojú obìnrin náà. Lára ohun tí wọ́n ní kó kó wá láti fi hàn pé wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀ ni pósítà ìsìnkú. Ó mú un wá. Gàdàgbà ló wà lára rẹ̀ pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ló sùn nínú Olúwa. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló sì jẹ́ nínú ìwé wa. Irú inṣọ́ránsì tó rà, a kì í tà á fún ẹni tó bá ti kọjá ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Bó bá jẹ́ pé pósítà ló sọ òótọ́, a jẹ́ pé ó ti kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á, gbogbo àdéhùn wa sì ti dòfo.

"Ta ló kọ ọjọ́ orí yìí?" ni mo bi í.

"Bọ̀ọ̀dá wa ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n lọ jókòó, pé òkú ò ṣeé sin lọ́nà yẹn."

Ó yé mi. Ẹ ò ní mọ iye pósítà tí mo ti rí tí wọ́n fi ọdún kún. Bí èèyàn bá kú kó tó dàgbà, òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹkún ni wọ́n fi ń sin ín. Bí wọ́n bá fi ọdún díẹ̀ kún un, ó di ẹni tó jayé pẹ́, àwọn èèyàn á jẹun, wọ́n á jó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dín ọjọ́ orí kù kí wọ́n lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn pósítà ń fi kún un. Ilé iṣẹ́ wa sì ti rí àwọn tó ń dín in kù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gba pósítà gbọ́.

Bàbá Tóyìn kò ní ìwé ìbí. Ìwé ìbúra kóòtù ló mú wá nígbà tó fẹ́ rà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí kan náà ló sì búra fún un. Ẹnu kan náà ló sọ ọjọ́ orí méjèèjì. Mo tẹ olú ilé iṣẹ́ wa láago. Wọ́n ní àwọn yóò tún un wò bí ẹ̀gbọ́n bá lọ búra tuntun, tó sọ ọjọ́ orí àbúrò àti tara rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì jẹ́rìí sí i.

Nígbà tí Màmá Tóyìn gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ orí tara rẹ̀, ó sorí kodò. "Àǹtí, wọn ò ní ṣe é. Bọ̀ọ̀dá ṣe àádọ́rin ọdún léṣìí."

A jọ lọ sí Ìsẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bọ̀ọ̀dá Gbádé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí rẹ̀ funfun báláú. Ewú ti tètè bo orí rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń gbé Àkúrẹ́, nígbà tó sì padà wálé, kò dá ẹnikẹ́ni tó ń pè é ní àgbà lẹ́kun. Àádọ́rin ọdún tó ṣe ni wọ́n fi fi í jẹ Bàbá Ìjọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ṣàlàyé.

"Kí ni mi á wí fún ùjọ?" ló kọ́kọ́ sọ. "Gbogbo ulú ló wá síbi àádọ́rin mi. Olùṣọ́ gbàdúrà sí mi lórí."

Màmá Tóyìn ló sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ló rí, bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ẹ bá dákẹ́, òpùrọ́ ni ọkọ mi, ọmọ rẹ̀ á sì wá jókòó tì mí nílé."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ ọ̀ún," ló wí. "Mo tó ọmọ ọdún márùn-ún. Èmi ni wọ́n rán lọ pe agbẹ̀bí, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Uyàwó, kì í ṣe tìtorí àádọ́rin mi nìkan ni mo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kò lè rí i lójú pósítà pé àbúrò mi kú lọ́mọdé, kí èmi wà láyé. Unú mi kò gbà á."

Ní tiwa, ẹ̀gbọ́n kì í lọ sétí ibojì àbúrò. Inú yàrá ló wà lọ́jọ́ ìsìnkú, tó ń gbọ́ orin níta. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì sọ fún un pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó nu ojú, ó ní kí n dúró kí òun wọ bàtà.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ sí kóòtù ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ rẹ̀, ó sì dìde kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ẹni ọdún mélòó?"

"Méjìlélọ́gọ́ta."

Akọ̀wé gbé orí sókè. Ó wò mí, ó wo Màmá Tóyìn.

"Ṣé ẹ ò ṣi í sọ, sà?"

"Kọ ọ́ bí mo ti wí i, ọmọ mi. O kúkú jẹ nínú ìrẹsì àádọ́rin ọ̀ún."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Ìsẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò láti fọwọ́ síwèé. Inú wọn dùn ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n ní láti èṣí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń yọ àwọn lẹ́nu, pé àwọn ò mọ ìgbà tí ọ̀rẹ́ àwọn di ẹ̀gbọ́n àwọn.

Kí oṣù méjì tó pé, ilé iṣẹ́ san owó náà pérépéré. Tóyìn padà sílé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà, oníbàárà èyíkéyìí tó bá rà lọ́wọ́ mi, mo máa ń bẹ àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n pè mí kí wọ́n tó tẹ pósítà. Wọ́n á ní kí ẹnu mi má sọ ibi, síbẹ̀ wọ́n á fi nọ́ńbà mi pamọ́.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, Bọ̀ọ̀dá Gbádé fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní kí n wá sí ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún òun. Mo lọ. Tóyìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn àgbà ìjọ lábẹ́ igi. Bàbá dìde níwájú ìjọ, ó ní kí àwọn tó jẹ oúnjẹ àádọ́rin àkọ́kọ́ jọ̀ọ́ má bínú, pé èyí ni ojúlówó. Ẹ̀rín gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó wá jókòó tì mí.

"Àǹtí, gbogbo bí mo ti mọ̀ ọ́ tó, o kò fi inṣọ́ránsì lọ̀ mí rí. Mo fẹ́ rà báyìí."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ti dàgbà jù fún un."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún òun, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó jẹ́ òótọ́.