Ògiri Tí Kò Mira Mọ́

Ó yẹ kí a kéde rẹ̀ ní gbangba, kó má baà di ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀la, pé Sàlàkọ́ ọmọ Ìṣẹ́yìn kì í jẹ búrẹ́dì láì kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Rúlà onírin kékeré wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Á wọn òòró, á wọn ìbú, á mi orí, á wá bu ú jẹ. Búrẹ́dì ń kéré sí i lọ́dọọdún, òun náà ò sì yéé jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Kó tó fẹ̀yìn tì sí Ajégúnlẹ̀, ọdún mọ́kànlélógún ló fi bá iléeṣẹ́ kan ru ẹ̀rọ gun àwọn òkè kan lápá àríwá, níbi tí ilẹ̀ ti mì rí. Wọ́n ri òpó kéékèèké mọ́ àpáta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí òkè ti là. Lọ́dọọdún, wọn a gbé ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ lé òpó wọ̀nyí, láti mọ̀ bóyá ọ̀kan ti sún kúrò lọ́dọ̀ èkejì. Ohun tí wọ́n ń wá kò nípọn ju èékánná lọ. Sàlàkọ́ ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ kí ewúrẹ́ má baà bì í ṣubú.

Ọ̀gá wọn sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé, “Ibi tó ń yọ́ rìn díẹ̀díẹ̀ kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ibi tí àpáta méjì ti há mọ́ra, tí kò mira mọ́, tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ibẹ̀ ni agbára ń kó jọ sí.” Àwọn ará abúlé béèrè ọjọ́ tí yóò já. Ọ̀gá ní ewu ni àwọn lè wọ̀n, àwọn ò lè wọn ọjọ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n wọ inú ilé amọ̀ wọn lọ.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Sàlàkọ́ wá gbà yàrá sí wà lẹ́bàá ọ̀nà táńkà tó ń lọ sí Kirikiri. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti lanu. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Aláǹgbá ti wọ èyí, ó ti bímọ, ó ti gbàlejò. Sàlàkọ́ kan ìṣó méjì mọ́ ọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Gbogbo Jímọ̀ tó bá ti kírun dé, á wọn àárín wọn, á sì kọ déètì àti iye rẹ̀ sára ògiri. Eucharia, tó ń rán tapólìn tírélà nínú ilé náà, ló fún un ní ọ̀dà pupa tó fi ń kọ nọ́ńbà sára wọn. Abẹ́ ògiri yẹn gan-an ni Eucharia gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, òun ló sì ń pe Sàlàkọ́ ní Bàbá Sọ̀féyọ̀, ìyẹn bàbá awọnlẹ̀.

“Bàbá Sọ̀féyọ̀, ẹ káàsán o. Ṣé ògiri yín ti jẹun?”

“Ó jẹ mílímítà méjì lóṣù yìí.”

“Chai! Ó rí jẹ jù mí lọ.”

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ìwọ̀n náà dúró. Oṣù mẹ́ta, kò lọ, kò bọ̀. Inú gbogbo ilé dùn, àyàfi Sàlàkọ́.

“Eucharia, gbé ẹ̀rọ rẹ kúrò níbí kí òjò tó dé.”

“Ó ṣí, ẹ ní kí n bẹ̀rù. Kò ṣí mọ́, ẹ ní kí n sá. Bàbá, abeg, ọjọ́ wo ló máa wó?”

“Ewu ni mo lè wọ̀n, mi ò lè wọn ọjọ́.”

Àánú rẹ̀ ṣe Eucharia. “Ó dáa. Tó bá tún ṣí, bó ṣe bí irun orí, ẹ pè mí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni màá kó lọ. Mo fi Ọlọ́run búra.”

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Sàlàkọ́ ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá ògiri tó ń dán gbinrin. Alhaji Abdulrasheed tó ni ilé dúró ti Godstime bíríkìlà, wọ́n ń wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

“Alhaji, ìṣó mi dà?”

“Ìṣó wo? Bàbá Sàlàkọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí n pàdánù ilé mi ni? Ọ̀dà pupa lára ògiri! Ayálégbé mẹ́ta ti ń di ẹrù, wọ́n ní ìjọba ti sàmì sí ilé pé àwọn ń bọ̀ wá wó o.”

Godstime ní, “Baba, no fear. Símẹ́ǹtì báàgì méjì ló wà lára ẹ̀.”

Àwọn ayálégbé mẹ́ta náà tú ẹrù wọn. Ògiri tó lanu kò lé wọn lọ. Ọ̀dà ló kù díẹ̀ kó lé wọn.

Sàlàkọ́ kan ìṣó tuntun, ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì Godstime nìkan ni ìṣó yẹn ń gbọ́ tirẹ̀, kò mọ ohun tí ògiri ń ṣe lábẹ́ rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Eucharia á béèrè láìgbójú sókè: “Ó ti ṣí?”

“Mi ò rí i.”

“Ṣé kò ṣí ni, àbí ẹ ò rí i?”

“Mi ò rí i, ọmọ mi.”

Á máa ránṣọ rẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹfà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní òwúrọ̀, táńkà kan kọjá. Ògiri náà wó lódindi. Ojú ibi tí Godstime rẹ́ kò tilẹ̀ sán. Àwọn yòókù ti lọ síbi iṣẹ́. Tapólìn tí Eucharia ń rán lọ́wọ́ ni wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ jáde, ó ku ẹ̀gbẹ́ kan tí kò tíì ṣẹ́ létí.

Sàlàkọ́ ń wá yàrá báyìí. Kenechukwu tó ń báni wá ilé mú un lọ sí ọ̀kan lójúlé kẹrin sí ibi tí ó wó. Ojú sísán kan gba igun ògiri rẹ̀ kọjá, tín-ín-rín bí òwú. Sàlàkọ́ fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Bàbá, ẹni méjì ló ń dúró de yàrá yìí o. Ìyẹn? Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò mira rí. Ẹ ń gbà á, àbí ẹ ò gbà á?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí nínú ilé tí ògiri rẹ̀ dán, kí ni ká ní kó dá a lóhùn?