Iyọ̀ Tó Tètè Bọ́ Sínú Òtílí

Ìyá àgbà fi ìka méjì mú hóró òtílí kan lórí ìgbakọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́. Hóró náà kò fọ́. Ó yọ̀ bọ́ láàárín ìka rẹ̀, ó fò, ó sì lọ dún kọ́ lára kẹ́tùlù. Ìyá àgbà wo kẹ́tùlù. Ó wo ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló wá wo èmi.

"Ọmọ tíṣà, kí lo fi sí i?"

Mo ní kò sí nǹkan. Ó ti ìgbakọ bọ inú ìkòkò, ó da omi rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì tọ́ ọ wò. Mo rí ojú rẹ̀ tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tó ń ka lẹ́tà burúkú.

"Iyọ̀," ló wí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Ẹ̀wà kékeré róbótó kan ni òtílí, tí àwa ará Ìjẹ̀ṣà ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe oúnjẹ ẹni tó ń kánjú. Ẹ̀wà mìíràn á jinná, wọn á jẹ ẹ́ tán, wọn á fọ abọ́, òtílí á ṣì máa wò ọ́ nínú ìkòkò bí ẹni pé ìwọ lo ṣẹ̀ ẹ́. Ilé ìyá àgbà kọjú sí tiwa ní Iléṣà. Kì í ṣe ẹbí wa, àdúgbò ló sọ wá di ọ̀kan. Ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè, ó sì ní ìwé ńlá kan tó kọ bí a ṣe ń se ohun gbogbo sí. Nínú ilé, ìrẹsì nìkan la ń jẹ. Bí ẹ̀wà bá wọ ẹnu wa, ó di dandan kó jẹ́ pé ìyá àgbà ló bù ú wá.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ní ó ti sú òun láti máa bọ́ ilé ẹni tó ń kọ́ gbogbo ìlú ní oúnjẹ sísè. Ó ní kí wọ́n rán mi wá kọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òkúta ni mo ń ṣà. Mo jókòó sórí àpótí, àtẹ wà lórí itan mi, mo ń fi ìka ti ẹ̀wà láti apá kan sí apá kejì. Bí mo bá ní mo ti ṣe tán, ìyá àgbà, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á wá òkúta kan rí nínú rẹ̀, á sì fi í lé mi lọ́wọ́. "Eyín ta lo fẹ́ fi eléyìí ká?" Mo gbà pé ó ń kó òkúta pamọ́ sínú àpò ni.

Lẹ́yìn òkúta, iná ló kàn. Omi àkọ́kọ́ á hó, á dúdú bíi tíì, á máa rùn bí ewé tí òjò pa. A ó dà á nù sídìí ìbẹ́pẹ, a ó sì da omi gbígbóná mìíràn sí i. Omi tútù kò gbọdọ̀ kàn án mọ́ láti ìgbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá àgbà á lóṣòó síwájú ààrò bí òṣómàáló tó bá onígbèsè nílé, kò sì ní dìde títí òtílí á fi rọ̀. Èmi náà á lóṣòó. Orúnkún mi á máa dùn mí, èéfín á máa ta mí lójú, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù níta.

Àwọn aládùúgbò tí kò nírú sùúrù yìí máa ń fi káún sí i kó lè tètè rọ̀. Ìyá àgbà kórìíra káún. Ó ní ẹni tó bá fi káún sí òtílí, ọṣẹ ló ń jẹ. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé tirẹ̀ kò ní káún, àyàfi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń dáko ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọkùnrin náà ló ń gbin òtílí ọ̀hún. Lọ́dọọdún ló máa ń gbé e wá, á jẹ abọ́ méjì, á nu ẹnu, á sì wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́wọ́. Káún wà níbẹ̀." Kí wọ́n tó bí ìyá mi ni àwọn méjèèjì ti wà lẹ́nu àríyànjiyàn yìí. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkórè nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ ìyá àgbà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sunkún.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ránṣẹ́ pé ẹsẹ̀ òun kò gba ọkọ̀ mọ́. Òun ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí, ó parí. Ó ní bí òun bá jẹ òtílí náà tí òun kò gbọ́ adùn káún, òun fúnra òun ni òun yóò sọ fún gbogbo ẹbí pé irọ́ ni òun ti ń pa láti ìgbà èwe. Ìyá àgbà kàn ṣa òtílí ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá àgbà ti da omi àkọ́kọ́ nù nígbà tí wọ́n wá pè é pé àwọn ẹgbẹ́ ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó ní kí n má jẹ́ kí iná rẹlẹ̀, kí n máa fi omi gbígbóná kún un, kí n má fi ìgbakọ rò ó. Ó sọ ohun gbogbo fún mi àfi iyọ̀.

Mo ti mú ìwé ìyá mi dání láti ilé lọ́jọ́ náà, nítorí ó ti sú mi kí wọ́n máa pè mí ní òpè. Ó wà níbẹ̀ ní bírò aláwọ̀ aró, ọwọ́ ìkọ̀wé tó lẹ́wà: ẹ fọ ẹ̀wà, ẹ gbé e kaná, ẹ fi iyọ̀ sí i. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Inú mi dùn.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ ìwé náà, ìyá àgbà gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ẹni tó kọ ọ́, ó ti se òtílí rí?"

Mo ronú kan ìyá mi.

"N kò kì ọ́ nílọ̀ nípa iyọ̀," ló wí, "torí n kò mọ̀ pé ó yẹ ká máa sọ ọ́ fún ènìyàn."

Ó da omi iyọ̀ náà nù, ó bu òmíràn, ó kó igi sí i. Wákàtí kan kọjá. Iyọ̀ tó ṣáájú ti mú òtílí le, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọkọ̀ Ìmẹ̀sí-Ilé ti ń bọ̀ lọ́nà, eyín mẹ́ta péré ló sì kù lẹ́nu ọkùnrin náà. Ìyá àgbà tún fi ìka tẹ hóró kan, kò fọ́. Lẹ́yìn náà ló rán mi lọ tọrọ káún lọ́dọ̀ aládùúgbò, nítorí kò sí ẹyọ kan nínú ilé rẹ̀. Ó ní kí n fi aṣọ bò ó bọ̀.

Àbúrò rẹ̀ dé, ó jókòó, ó fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ó dáwọ́ dúró. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo fi sí i," ni ìyá àgbà wí.

"Ṣé láti ọjọ́ yìí wá ni?"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Ìyá àgbà wò mí lẹ́ẹ̀kan. Èmi ọmọ ẹni tó ń kọ́ ìlú ní oúnjẹ sísè, n kò lè la ẹnu.

"Láti ọjọ́ yìí wá ni. Jẹun, kó má baà tutù."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó sọ ọ́ fún awakọ̀ tó wá gbé e, ó sì délé sọ ọ́ fún gbogbo Ìmẹ̀sí-Ilé. Kò padà wá mọ́. Ní ti ìyá àgbà, kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àtẹ lé mi lórí itan, ó ní, "Oníyọ̀, ṣa eléyìí," orúkọ tí mo sì ń jẹ́ nìyẹn títí mo fi wọ yunifásítì.

Nígbà tí ó kú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ dìde níbi ìsìnkú, ó ní ìyá wa mọ òtílí sè o, àmọ́ kí káún náà gba ọpẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ti gba oyè yunifásítì nígbà náà, mo lè fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí ohun tí n kò mọ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ra ẹ̀wà pẹlẹbẹ kan wá láti Òṣogbo, ó pupa bí ọsàn, lẹ́ńtìlì ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí n wo obìnrin kan lórí fóònù tó ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáná. Obìnrin náà wọ aṣọ funfun, ó ní oúnjẹ àwọn ọlọ́gbọ́n ni, ó sì da iyọ̀ sí i kí omi tó hó. Mo pariwo mọ́ fóònù. Ẹ̀wà náà jinná kí n tó pariwo tán, ọmọ mi sì wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Òtílí ni èmi ń sè ní tèmi. Àwọn tó bá jẹ ẹ́ a máa béèrè káún, mo sì ń sọ fún wọn, bí mo ṣe ń sọ ọ́ níhìn-ín fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹbí ní Ìmẹ̀sí-Ilé: káún kò sí nínú òtílí ìyá àgbà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èmi ni mo sì fà á.

Ìkòkò mi wà lórí iná bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò tíì fi iyọ̀ sí i.