Bátìrì Méjì Lábẹ́ Abíyá

Ó ki bátìrì kan bọ abẹ́ abíyá ọ̀tún, ó ki èkejì bọ ti òsì, ó pa apá mọ́ wọn pinpin, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní àdúgbò Ali Kazaure ní Jos ní àárọ̀ ọyẹ́, ó ń wò mí. Ètè rẹ̀ ti hó, eruku ti bo kóòtù rélùwéè ọrùn rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, wọ́n ń wo arúgbó tó pa apá mọ́ra bí adìyẹ tó sàba, ọ̀kan nínú wọn sọ ohun kan ní Hausa tí n kò gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ni mo ń wò. Aago iléèwé máa tó lù, ìdánwò àpèkọ sì di ọ̀la. Bí agolo tó so kọ́ mi lọ́rùn kò bá sọ̀rọ̀ kó tó di ìgbà náà, wọ́n máa dá mi padà sí kíláàsì kẹta, sáàárín àwọn ọmọ tí orí wọn ò ju èjìká mi lọ.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo bu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ibà kan ló mú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, nígbà tó sì máa lọ, ó mú ìdajì ìgbọ́ràn mi dání. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ń dé etí mi bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Tísà wa mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi lọ bá a lórí ìkúnlẹ̀ pé kó jẹ́ kí n jókòó níwájú. Ó ní bí a bá ṣe ga tó ni a ṣe ń jókòó, pé mo máa dí àwọn tó kúrú lójú. Bó bá sì ń pe ọ̀rọ̀, pátákó ló máa ń kọjú sí. Ó mọ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì kẹ̀yìn sí mi. Lẹ́yìn náà ló wá fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sínú ìwé mi pé olódo ni mí.

Bàbá tó ki bátìrì bọ abíyá yìí kì í ṣe ẹbí wa. Aládùúgbò ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tẹ wáyà, ìyẹn tẹligíráàmù, fún rélùwéè, tó wá ń tún rédíò ṣe ní yàrá iwájú ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Èéfín lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ láti fi lẹ wáyà pọ̀ ni yàrá yẹn ń rùn, àti obì, àti eruku tó ń jóná nínú rédíò àtijọ́. Ó máa ń ní tánganran inú ilẹ̀ Jos níbí ni òyìnbó wà lọ, tí wọ́n wá fi ṣe lẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n tún gbé e padà wá tà fún òun.

Òun ló ṣe ẹ̀rọ náà fún mi. Agolo bisikíìtì pẹlẹbẹ ni. Ẹnu tẹlifóònù tó ti bàjẹ́ wà níwájú rẹ̀ láti gba ohùn. Nínú rẹ̀ ni ohun tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá wà, pẹ̀lú bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì tó fi rọ́bà taya dè pọ̀. Hẹ́dífóònù onírin tó mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́ wáyà sì bo etí mi méjèèjì. Ó wúwo, ó ń fà mí lọ́rùn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tàn án, mo gbọ́ ìgbálẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lágbàlá. Mo ti gbàgbé pé ìgbálẹ̀ ń dún.

Ọjọ́ Ajé ni ìyá mi ra bátìrì tuntun. Bàbá fi ìṣó fa ìlà mẹ́ta sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó dè wọ́n. Kò sí ohun tó ń kúrò ní yàrá rẹ̀ láìní ìlà mẹ́ta yẹn, torí àwọn oníbàárà á yọ ohun tuntun tó fi sínú rédíò wọn, wọ́n á fi ògbólógbòó rọ́pò, wọ́n á sì wá máa bú u.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń gbọ́ bàtà mi dé ẹnu géètì iléèwé. Níbi tí a tò sí ni ohùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ínrín bí omi ẹ̀rọ tó fẹ́ dá, ó sì dákẹ́. Mo gbé e padà wálé nínú oòrùn ọ̀sán. Bàbá fi ẹnu sí i, ó pè mí bó ṣe máa ń pè mí: "Ìyá mi, ṣé ò ń gbọ́ mi?" Ẹ̀rọ náà ti jí. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí. Ó tú u, ó fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò, ó tún gbogbo oríkèé lẹ́ẹ̀dì yọ́. Ní Ọjọ́rú ó tún kú láàárọ̀, ó tún jí lọ́sàn-án. Ó pààrọ̀ táránsítọ̀, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíńtín tó jẹ́ pé ẹyọ kan yẹn ló kù sí i lọ́wọ́. Oúnjẹ rẹ̀ tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó bi mí ni mo ń mi orí sí, torí àṣà mi nìyẹn: bí n kò bá gbọ́, mo máa ń mi orí bí ẹni tó gbọ́, kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀. Ó gbé irin tó fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì kalẹ̀, ó wò mí.

"Àbí ojú ló ń tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, tí o fi ń pa á?"

Mo sunkún délé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹbí mi lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ fo ti ẹni tó fẹ́ràn.

Ìdí nìyẹn tó fi tẹ̀ lé mi fúnra rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Kò tíì sún mọ́ géètì tí ẹ̀rọ fi kú níṣojú rẹ̀. Ó tú u lójú títì, ó fọwọ́ kan bátìrì: wọ́n tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Ìgbà náà ló kì wọ́n bọ abíyá. A dúró títí ó fi ń gbọ̀n. Ó dá wọn padà sínú agolo, ó ní, "Ìyá mi," ọ̀rọ̀ náà sì kún orí mi.

Inú rẹ̀ ò dùn. Ó tú rọ́bà, ó yí ìdí bátìrì sókè. Kò sí ìlà kankan.

Ó ní, "Èyí tí wọ́n sá sóòrùn ni. Èmi tí mo ń fa ìlà, n kò wò ó, torí èmi náà ni mo fi tuntun sí i."

Gbogbo Jos ló ń ṣe é nígbà náà. Bátìrì tó bá ti kú, ẹ ó tò ó sórí páànù, oòrùn á jí i fún wákàtí díẹ̀. Òtútù ọyẹ́ á tún pa á. Ó bi mí pé ta ló ń gbọ́ rédíò nílé wa. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo ti rí bátìrì lórí páànù ilé ìdáná wa. Bàbá mi ni.

"Má mi orí mọ́. Bí o ò bá gbọ́, sọ pé o ò gbọ́. Bí o bá gbọ́ tí o ò lè sọ, dákẹ́." Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo purọ́ mọ́ ọ lánàá. Má bínú." N kò tíì rí àgbàlagbà tó bẹ ọmọdé rí.

Nírọ̀lẹ́ bàbá wá sílé wa. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì kùsà kan ní Rayfield, rédíò wà lórí itan rẹ̀. Ó fi Hausa kí bàbá káàbọ̀ tàwàdà-tàwàdà, "Sannu da zuwa." Bàbá ní òun gbọ́ tí rédíò náà ń wúkọ́ láti ilé òun, kó jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Rédíò náà kò wúkọ́. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì méjì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìlà mẹ́ta nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó na ọwọ́ náà sí bàbá mi.

Bàbá mi ní, "Bàbá, mo rò pé ohun ìṣeré ni agolo yẹn."

"Akọ̀wé, ìròyìn tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí, wọ́n á tún un sọ láàárọ̀. Èyí tí tísà bá pè lọ́la, kò ní tún un pè."

Mo rí i tí ọwọ́ ìyá mi dúró lórí ọlọ. Bàbá mi ò bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, kò sì bẹ̀ mí títí tó fi kú. Ìyẹn náà wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gbọ́ ṣọ́ọ̀kì lára pátákó, mo gbọ́ ikọ́ ọyẹ́ láti ẹ̀yìn kíláàsì. Mo sì gbọ́ tísà bí mo ṣe ń kọjá: "Ewúrẹ́ ti so agogo." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo máa ń rí ẹ̀rín yẹn ni, n kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ní ọ̀rọ̀ karùn-ún, ó kọjú sí pátákó, atẹ́gùn sì gbọn páànù òrùlé. Ohùn rẹ̀ sọnù. Orí mi fẹ́ mì. Mo dá a dúró, mo dìde.

"Mi ò gbọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."

Tísà yíjú kúrò lára pátákó. Ó sì tún un pè, ojú rẹ̀ sí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì sí i ni mo dìde kó tó parí. Wọn ò dá mi padà sí kíláàsì kẹta.

Yunifásítì ni mo wà nígbà tí bàbá tó ṣe ẹ̀rọ náà kú. Wọ́n da agolo náà, tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, mọ́ ìdọ̀tí yàrá rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọn ò fèsì. Títí dòní, bátìrì kì í wọ ilé mi kí n má fi ìṣó fa ìlà mẹ́ta sí ìdí rẹ̀. Bí mo bá sì dé ọ́fíìsì kan, tí ẹni tó wà níbẹ̀ dojú kọ fáìlì, tó ń kùn sínú irùngbọ̀n kí n lè máa lọ, orí mi ṣì máa ń fẹ́ mì. Mo máa ń dá a dúró. Mo máa ń ní: Mi ò gbọ́. Ẹ kọjú sí mi, kí ẹ tún un sọ.