Ohùn tí mo ní mo gbọ́ nínú òpó wáyà

Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bi mí bóyá wáyà iná ńlá tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá lè pa èèyàn lára, nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ wáyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo tún lè la ẹnu sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, mo jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ní Kàbà. Kò sí iná mànàmáná nílé ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Wáyà tí a mọ̀ ni ti tẹlifóònù tó wá láti ilé ìfìwéránṣẹ́, òpó rẹ̀ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wa. Bí ọyẹ́ bá dé, á máa kùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ri òpó náà, àbúrò mi méjì kú tẹ̀léra. Ibà ló pa wọ́n, kò sì sí ẹni tó rò ó kan wáyà.

Èmi ni mo rò ó kàn án. Lọ́jọ́ kan, mo fi etí ti òpó, mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé mò ń gbọ́ àbúrò mi tó ń sunkún níbẹ̀. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí wọ́n máa wò mí ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí n tó délé, Iye, ìyá mi, ti gbọ́, oyún sì wà nínú rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé òótọ́ ni. Mo bẹ̀rù ẹgba, mo ní òótọ́ ni.

Bàbá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sin ọmọ méjì kì í rẹ́rìn-ín pẹ́. Kí oṣù náà tó parí, a ti kó lọ sí oko wa létí odò, níbi tí wáyà kò dé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin sí, ó sì yè. Bàbá mi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Eṣinṣin kéékèèké dúdú kún etí odò yẹn. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jẹni, a sì ń họra bí ẹni tí wèrèpè bà lára. Nígbà tí ọmọ náà fi pé ọdún márùn-ún, Iye kò lè ṣa òkúta inú ẹ̀wà mọ́. Dísípẹ́nsà tó ń gun kẹ̀kẹ́ pín oògùn kiri oko wò ó lójú.

“Okun, Iye,” ó kí i. “Eṣinṣin odò yìí ló ń ba ojú jẹ́, òun náà ló fa kókó líle tó wà níbàdí yín yìí. Ojú tó ti lọ ti lọ. Ẹ padà sílé, kí ẹ gba tàwọn yòókù là.”

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Iye ní òun kò lọ.

“Abẹ́ wáyà ni mo ti sin méjì. Eléyìí wà láàyè níbí. Ojú ni mo fi rà á, kò dùn mí.”

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo gbọ́n tó láti sọ òótọ́. Ìtìjú ni kò jẹ́, mo sì kórìíra ara mi fún un títí dòní. Bàbá mi tú ẹrù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Iye ń wẹ ọmọ náà lẹ́yìn ilé, ó pè mí. Ó fa ọwọ́ mi lé ìbàdí ọmọ náà. Kókó líle kan wà lábẹ́ awọ níbẹ̀, irú èyí tó wà lára òun fúnra rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé nǹkan yẹn náà ni.

Mo ní rárá, eéwo ni.